Ta Ló Ni Òjò Dídì Yìí?

Ẹni tí wọ́n bẹ̀ lọ́wẹ̀ pé kó bá wọn dá òjò dúró níbi ìnáwó, bí òjò kò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà, á gba owó iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ta ló máa bá a jiyàn? Ta ló mọ̀ bóyá òjò ọ̀hún tiẹ̀ fẹ́ rọ̀ tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè yìí gan-an, lódìkejì, ló ń da àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ láàmú láti oṣù kọkànlá ọdún 1946, nígbà tí Vincent Schaefer wọ bàálù, tó da yìnyín gbígbẹ sínú ìkùukùu ní Massachusetts, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, tí òjò dídì sì ń já bọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, Bernard Vonnegut tí wọ́n jọ wà ní General Electric ti rí i pé silver iodide, ìyẹn àdàpọ̀ fàdákà àti iodine, lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Nígbà òtútù, ìkùukùu orí òkè lè kún fún ẹ̀kán omi tíntìntín tó tutù kọjá ibi tó yẹ kó ti dì, síbẹ̀ tí kò dì, torí kò rí ohun tó máa dì mọ́. Silver iodide ló ń fún un ní ohun náà, bí ìkùukùu bá ti tutù tó bíi dígírì 6 sísàlẹ̀ òdo. Omi á dì mọ́ ọn, á wúwo, á sì bọ́. Tó bá yọ́ lẹ́yìn òtútù, dáàmù iná mànàmáná ló ń lọ.

Ìṣòro wà nínú wíwọ̀n. Afẹ́fẹ́ orí òkè máa ń gbá òjò dídì kọjá lẹ́nu agbada tí wọ́n gbé kalẹ̀ dè é. Bó bá le gan-an, ó lè lé ní ìdajì tí kò ní wọlé rárá. Wọ́n á mọ ọgbà onípákó yí agbada ká, síbẹ̀ àṣìṣe á ṣẹ́ kù. Ní Wyoming, ní Amẹ́ríkà, láàárín 2008 sí 2014, wọ́n ń ṣẹ́ kèké láti fi mú ọ̀kan nínú òkè méjì tí wọ́n máa fún ní silver iodide, èkejì á wà bẹ́ẹ̀. Ìdá 3 nínú 100 ni òjò dídì fi lé, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ èèṣì lásán.

Àwọn ará Ọsirélíà gbọ́n ọgbọ́n mìíràn. Ní Snowy Mountains, láti 2005 sí 2009, bí iléeṣẹ́ Snowy Hydro ṣe ń sun silver iodide sínú afẹ́fẹ́, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tú indium oxide sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn kan náà ló ń gbé méjèèjì lọ, ṣùgbọ́n omi kì í dì mọ́ indium oxide. Bí fàdákà àti indium bá wà nínú òjò dídì bí wọ́n ṣe tú wọn síta gẹ́lẹ́, a jẹ́ pé òjò kàn gbá méjèèjì bọ́ bí eruku ni. Bí fàdákà bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, inú ìkùukùu ló ti ṣiṣẹ́ wá. Ohun tí wọ́n ń wá kéré débi pé a lè máa sọ̀rọ̀ gíráàmù kan nínú mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù òjò dídì, ìdí nìyẹn tẹ́nikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ lásán kàn án.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí fàdákà tàn yín jẹ. Ó ń sọ ibi tí èéfín dé. Kò sọ iye omi tó lé. Fún ìyẹn, agbada náà ni wọ́n tún padà sí: ìdá 7 nínú 100 lápapọ̀, èyí tí èèṣì náà lè mú wá. Ìgbà tí wọ́n ya àwọn ìgbà tí ẹ̀rọ ṣiṣẹ́ pẹ́ dáadáa sọ́tọ̀ ni wọ́n tó rí ìdá 14.

Idaho, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti wá fojú rí iṣẹ́ silver iodide. Ní January 19, 2017, bàálù kan ń lọ, ó ń bọ̀, ó dábùú afẹ́fẹ́, ó ń ju silver iodide sílẹ̀. Láìpẹ́, rédà tí wọ́n gbé sórí òkè fi ìlà òjò dídì hàn tó rí wọ́gọwọ̀gọ, gẹ́gẹ́ bí ipa ọ̀nà bàálù náà. Katja Friedrich ti Yunifásítì Colorado àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣírò rẹ̀: ìṣẹ́jú 67 ló fi rọ̀, omi inú rẹ̀ sì lé ní 120,000 kúbíìkì mítà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ló tẹ́ sílẹ̀.

Torí pé òjò dídì ti Ọlọ́run kò fi bẹ́ẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ náà ni ìlà yẹn ṣe hàn. Lọ́jọ́ tí ìjì bá ń jà gidi, rédà kì í rí i yà sọ́tọ̀. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi ń ṣírò ohun tí ì bá rọ̀ bí bàálù kò bá gbéra.