Ẹni Tó Ń Gbé Àpò Sí Ikùn: Ẹ Jẹ́ Kó Padà Sáàárín Wa

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lóṣù yìí kì í ṣe ti owó ìdá, kì í sì í ṣe ti ẹ̀yáwó, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yóò dé ọ̀dọ̀ owó kó tó parí. Ọ̀rọ̀ ìgbẹ́ ni. Ẹ má fajú ro. Kò sí ẹni tí kì í yàgbẹ́ nínú wa, àtolówó àti tálákà, ṣùgbọ́n bó bá ti di pé ọ̀nà mìíràn ló ń gbà jáde lára èèyàn, gbogbo wa á dákẹ́ bí ẹni tó bu omi sẹ́nu. Ìdákẹ́ yìí ló ń lé àwọn kan kúrò lọ́jà.

Àwọn aláìsàn kan wà tí dókítà ní láti fa ìfun wọn jáde níwájú ikùn, kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀ bọ́ sínú àpò tí a lẹ̀ mọ́ ara. Ẹnu ìfun yìí ni wọ́n ń pè ní stoma ní ọsibítù. Jẹjẹrẹ ìfun lè fà á. Taifọ́ọ̀dù tó ti dá ìfun lu lè fà á. Ọta ìbọn ńkọ́, jàǹbá ọkọ̀ ńkọ́? Àwọn ọmọ mìíràn sì wà tí a bí láìní ihò ìdí, tó jẹ́ pé ọ̀nà yìí ni a fi ń dá ẹ̀mí wọn sí. Ti ẹlòmíràn, fún oṣù díẹ̀ ni, dókítà á tún dá ìfun padà. Ti ẹlòmíràn, títí ayé ni. Ó tún ku àwọn tó jẹ́ pé ìtọ̀ ló ń gba ibẹ̀ jáde, kì í ṣe ìgbẹ́.

Bí ẹ bá rí ẹnu ìfun náà, pupa ni, ó sì rin bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ wa. Kì í dunni bí a bá fọwọ́ kàn án. Ohun tó le níbẹ̀ ni pé kò sí iṣan tí a lè fi dì í mú. Ìgbà tó bá wù ú ló ń jáde. Kì í ranni o! Ẹni tó bá ń sọ pé ó ń ranni, kó lọ bi dókítà.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fúnra wa. Ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ á san. Ojú ọjà ni wọ́n ń sá fún. Ìyá tó ń ta ẹja á máa rò ó pé: bí àpò bá tú níwájú oníbàárà ńkọ́? Bó bá dún nígbà tí alága ń sọ̀rọ̀ ńkọ́? Bí ẹni tó jókòó tì mí bá dimú ńkọ́? Lóṣù kìíní, á fi owó rán ọmọ wá sí ìpàdé. Lóṣù kejì, ọmọ náà kò ní wá mọ́. Lóṣù kẹta, akọ̀wé á kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ti àwọn tí kò wá, a ó sì bu owó ìtanràn lé e. Ṣé ohun tó yẹ kí ẹgbẹ́ ṣe fún ọmọ ẹgbẹ́ nìyẹn?

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni ojú ti ń ti èèyàn nítorí rẹ̀. Ní Denmark, lọ́dún 1954, nọ́ọ̀sì kan wà tó ń jẹ́ Elise Sørensen. Wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ yìí fún Thora, ọmọ ìyá rẹ̀, ẹ̀rù sì ń bà á láti jáde sáàárín èèyàn. Elise ló ronú àpò ọ̀rá tó ní gọ́ọ̀mù lẹ́nu, tó lè lẹ̀ mọ́ ara tí kò ní jò, tí a lè sọ nù lẹ́yìn tí a bá lò ó. Òun ni baba ńlá àwọn àpò tí à ń lò lónìí.

Ní Amẹ́ríkà ẹ̀wẹ̀, Norma Gill kì í ṣe nọ́ọ̀sì rárá. Àrùn ìfun ló bá a jà títí wọ́n fi ṣe iṣẹ́ abẹ fún un lọ́dún 1954. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó ń lọ ran àwọn tí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún lọ́wọ́. Lọ́dún 1958, Dókítà Rupert Turnbull, tó ṣe iṣẹ́ abẹ tirẹ̀, gbà á síṣẹ́ ní ọsibítù Cleveland Clinic kó máa fi bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ara han àwọn aláìsàn. Nígbà tó di 1961, ilé ẹ̀kọ́ ti bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ fún iṣẹ́ náà. Ẹ ò rí i! Ẹni tí bàtà ń ta lẹ́sẹ̀ ló di olùkọ́.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà kò gbẹ́yìn: lọ́dún 1956 ni àwọn aláìsàn fúnra wọn dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ níbẹ̀, ti Amẹ́ríkà para pọ̀ di ọ̀kan lọ́dún 1962. Ohun tó wù mí jù nínú ìṣe irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni àbẹ̀wò. Wọ́n á rán ẹni tó ti la iṣẹ́ abẹ náà kọjá lọ bá ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe é fún, wọ́n á sì gbìyànjú kí ọjọ́ orí wọn sún mọ́ra. Àlejò yìí kò ní kọ oògùn fúnni. Á kàn wọlé, á jókòó tòun taṣọ rẹ̀ tó mọ́, aláìsàn á sì máa wò ó pé níbo ni tìrẹ wà?

Fún ẹni tó fẹ́ padà sẹ́nu òwò, ẹ gbọ́ díẹ̀ nínú ohun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń kọ́ni. Ẹ má jẹ́ kí àpò kún bámú. Bó bá ti kún dé ìdá kan nínú mẹ́ta tàbí ìlàjì, ẹ dà á nù. Omi lásán tó mọ́ tó láti fi fọ ibẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó lẹ àpò. Ihò àpò gbọ́dọ̀ ba ẹnu ìfun mu, torí bó bá tóbi jù, ìgbẹ́ á máa bó awọ ara, pàápàá èyí tó ń bọ̀ láti ìfun kékeré, tó máa ń ṣàn bí omi. Ẹ má so ìró lé e lórí gan-an. Ẹ so ó sókè tàbí sísàlẹ̀. Àpò gàrí kì í ṣe ohun tí ẹ óò máa gbé, ìfun lè yọ kókó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀. Ẹ pe alárùú. Ẹyin, ẹ̀wà àti àlùbọ́sà lè mú òórùn tàbí afẹ́fẹ́ wá, ṣùgbọ́n ara ò dọ́gba, ẹ tọ́ ọ wò díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó jẹ́ ìfun kékeré ni tiẹ̀, kó máa mumi gan-an, kó sì rún àgbàdo àti ẹ̀pà kúnná, kó má baà dí i. Bí ẹnu ìfun bá dúdú, tàbí tí ohunkóhun kò jáde mọ́ tí inú sì ń run yín, ọsibítù yá.

Ó wá ku ti owó. Àpò gidi wọ́n, kò sì sí ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń ta oògùn. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń fi ọ̀rá àti àkísà dí i, tí awọ wọn sì ń bó. A máa ń ra ìrẹsì pọ̀ ká tó pín in. Kí ló dé tí a ò lè ra àpò pọ̀? Kí ẹni tó bá nílò rẹ̀ wọn ẹnu ìfun rẹ̀, torí ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, kó sì bá akápò sọ ọ́ ní ìkọ̀kọ̀. A kò ní ka orúkọ ẹnikẹ́ni ní ìpàdé. A sì rọ ìgbìmọ̀ kí wọ́n yọ̀ǹda ẹ̀yáwó pàjáwìrì fún un, kí wọ́n sì yọ owó ìtanràn kúrò lórí ẹni tó ń gba ìtọ́jú.

Ohun kan ṣì kù. Ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìpàdé wa kò ṣe é tì láti inú, garawa omi ibẹ̀ sì ti lu. Ìgbìmọ̀ yóò sọ̀rọ̀ lé e lórí ní ìpàdé tó ń bọ̀. Ẹni tó bá mọ kápẹ́ńtà tí owó rẹ̀ kò pọ̀, kó jọ̀wọ́ rí akọ̀wé ṣáájú ọjọ́ náà.