Búrẹ́dì Gbígbóná Ní Àkókò Sàárì

Ẹ̀yin ìyá wa, bí ẹ bá yí aago ẹ̀rọ búrẹ́dì sílẹ̀ ní alẹ́, yóò po fúláwà, yóò sì yan án kí àkókò sàárì tó tó. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ yíìsì! Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, omi mìlílítà 320 ni ẹ ó kọ́kọ́ dà sínú agolo rẹ̀, pẹ̀lú iyọ̀, ṣúgà àti bọ́tà díẹ̀. Ẹ da fúláwà gíráàmù 500 bò wọ́n. Ẹ dá ihò kékeré sórí fúláwà, kí ẹ bu yíìsì ṣíbí tíì 1 síbẹ̀. Bí yíìsì bá kan omi láti alẹ́, agbára rẹ̀ yóò ti dín kù kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Búrẹ́dì kò ní wú dáadáa. Ẹ má fi ẹyin tàbí wàrà tútù sí i, kí wọ́n má baà bàjẹ́ mọ́jú. Bí iná bá sì máa ń lọ lóru ládùúgbò yín, ẹ yan án lọ́sàn-án, kí aláàwẹ̀ má baà jí bá fúláwà tútù.