Ìdáhùn Àpamọ́ àti Ìdáhùn Tuntun Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ohun tí mo fẹ́ yànnàná níhìn-ín ni bí a ṣe lè rí i dájú pé ìsọfúnni tí ètò kọ̀ǹpútà gbé wá fún wa jẹ́ ti òní, kì í ṣe ti àná. Akẹ́kọ̀ọ́ kan gba máàkì 36. A tún ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò, máàkì náà sì di 63. Síbẹ̀, nígbà tí mo ṣí ojú-ewé èsì, 36 ni mo bá níbẹ̀. Díẹ̀ ni ó kù kí n fọwọ́ sí ìwé tí ì bá mú kí ó tún kọ́ọ̀sì náà ṣe.

Kí ni ó fà á? Bíráúsà, èyíinì ni ètò tí a fi ń wo ojú-ewé, a máa fi ẹ̀dà ìdáhùn pa mọ́. Bí a bá tún béèrè ohun kan náà, ó lè fi ẹ̀dà yẹn dá wa lóhùn láì kàn sí orísun, níbi tí àkọsílẹ̀ gan-an wà. Èyí ní èrè tirẹ̀, nítorí kì í jẹ́ kí a fi àkókò àti owó ṣòfò. Àmì ilé-ẹ̀kọ́ kì í yí padà lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n máàkì àti owó báńkì a máa yí padà.

Láti ọdún 1997 ni HTTP/1.1 ti ní àṣẹ Cache-Control fún ọ̀ràn yìí. Ọ̀pọ̀ rò pé no-cache túmọ̀ sí pé kí a má ṣe pa ìdáhùn mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ní kí a má ṣe lo ẹ̀dà láì kọ́kọ́ bi orísun. Bí nǹkan kò bá yí padà, orísun lè fi nọ́ńbà 304 fèsì, láì tún fi gbogbo rẹ̀ ránṣẹ́. No-store ni ó ní kí a má ṣe pa á mọ́ rárá.

Ẹni tí ó bá ń lo fetch nínú JavaScript lè kọ cache: "no-store", bíráúsà kò sì ní yẹ àpamọ́ rẹ̀ wò. Àwọn mìíràn a máa fi àkókò kún àdírẹ́sì, kí ìbéèrè kọ̀ọ̀kan lè dà bí tuntun. Ṣùgbọ́n èyí lè fi ẹ̀dà aláìwúlò kún ibi ìpamọ́. Níwọ̀n bí àpamọ́ mìíràn ti lè wà lójú ọ̀nà, orísun fúnra rẹ̀ ni ó yẹ kí ó pa àṣẹ náà.

Ní ìkádìí, kí a tó pinnu ohun tí a ó pa mọ́, ẹ jẹ́ kí a bi ara wa pé: bí ìdáhùn yìí bá ti di ti àná, ta ni yóò jìyà rẹ̀?