Nígbà Tí Ehoro Bá Wọ Ilé Ológbò

Ọmọdé fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn tí ó lè gbé mọ́ àyà. Ehoro funfun wà lára àwọn tí wọ́n máa ń bẹ̀bẹ̀ fún jù lọ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé, ológbò ti débẹ̀ ṣáájú, nítorí bí ológbò kò bá sí nílé, ilé á di ilé èkúté. Ǹjẹ́ àwọn méjèèjì lè jùmọ̀ gbé láìséwu? Ìdáhùn wa ni pé ó ṣeé ṣe ní ọ̀pọ̀ ilé, bí àgbàlagbà bá fi sùúrù mú wọn mọ ara wọn, tí kò sì gbàgbé pé ọ̀kan jẹ́ ọdẹ, èkejì sì jẹ́ ẹran tí ọdẹ ń lé.

ẸDÁ ÀWỌN MÉJÈÈJÌ

Ológbò ti bá ènìyàn gbé pẹ́. Ní ọdún 2004, àwọn awalẹ̀pìtàn kéde pé wọ́n rí egungun ológbò tí a sin sí ẹ̀gbẹ́ ènìyàn ní erékùṣù Kípírù, ní nǹkan bí 9,500 ọdún sẹ́yìn. Síbẹ̀, gbogbo ọdún wọ̀nyí kò mú ìwà ọdẹ kúrò lára rẹ̀. Nígbà tí iná bá lọ, tí àwa ń wá tọ́ọ̀ṣì kiri, òun ṣì ń ríran, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ni ojú rẹ̀ nílò.

Ehoro ilé kì í ṣe ọ̀kan náà pẹ̀lú ehoro inú igbó wa. Ìran rẹ̀ ti ìhà Sípéènì àti Pọtogí wá, inú ihò ilẹ̀ ni wọ́n sì ń gbé níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ó fi ń wá ibi tí yóò sá pamọ́ sí nígbà gbogbo. Egungun rẹ̀ kò lágbára. Bí a bá gbé e láìfi ọwọ́ gba ìdí rẹ̀ mú, ó lè tàpá débi pé ẹ̀yìn rẹ̀ yóò kán. Ẹ̀rù nìkan lè pa á. Bí ológbò bá bù ú jẹ tàbí tí ó ya á léèékánná, ọgbẹ́ náà lè má ju ojú abẹ́rẹ́ lọ, ṣùgbọ́n kòkòrò àrùn ẹnu ológbò lè gba ibẹ̀ wọlé kí ó sì pa á. Ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹran.

KÍ EHORO TÓ WỌLÉ

Bí ológbò yín bá mọ eku pa dáadáa, ẹ má ṣe mú ọmọ ehoro wá sílé. Ehoro tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ bí kò ju nǹkan bí gíráàmù 50 lọ, eku ni yóò jẹ́ lójú ológbò. Ehoro tí ó ti dàgbà ni kí ẹ wá. Àwọn irú ńlá máa ń tó kílò 4 tàbí 5, wọ́n sì lè tóbi ju ológbò lọ. Ẹ rí i pé ológbò ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, nítorí gbogbo ará ilé.

ÌGBÉSẸ̀ MẸ́RIN

1. Ní ọ̀sẹ̀ kìíní, ẹ fi ehoro sí yàrá tirẹ̀, nínú kéèjì tí ó lágbára, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ fi páálí sínú rẹ̀ kí ó lè rí ibi sápamọ́ sí.

2. Ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu ara ehoro, kí ẹ tẹ́ ẹ sí ibi tí ológbò ń sùn. Ẹ ṣe bákan náà pẹ̀lú òórùn ológbò fún ehoro.

3. Ẹ bọ́ ológbò yó, lẹ́yìn náà kí ó wá wo ehoro láti ẹ̀yìn kéèjì fún ìṣẹ́jú 5 sí 10. Ẹ tún un ṣe lójoojúmọ́.

4. Nígbà tí ológbò kò bá kà á sí mọ́, ẹ gé ṣónṣó èékánná rẹ̀, kí ẹ fi okùn àyà dè é, kí àgbàlagbà kan dì í mú. Nígbà náà ni kí ẹ tú ehoro sílẹ̀. Kí páálí ìsápamọ́ ní ojú ọ̀nà méjì, kí ológbò má baà há a mọ́ inú rẹ̀.

Ní ilé tiwa, ológbò kan fi ọjọ́ mẹ́rin péré gbà fún ehoro, èkejì lo ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ fi ń wọ ọgbà.

ÀWỌN ÀMÌ TÍ A NÍ LÁTI MỌ̀

Bí ológbò bá lúgọ, tí ó tẹjú mọ́ ehoro láìṣẹ́jú, tí ṣónṣó ìrù rẹ̀ ń mì, ọdẹ ni ó fẹ́ ṣe. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ sì gbé e kúrò, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe nà án. Bí ehoro bá ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn gbá ilẹ̀, tàbí tí ó dúró gan-an tí ojú rẹ̀ yọ síta, ẹ̀rù ń bà á. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ ìṣáájú. Ehoro tí kò jẹun fún ọjọ́ kan wà nínú ewu ńlá. Ṣùgbọ́n bí ó bá na ara sílẹ̀ gbalaja, tí ológbò sì yíjú kúrò tí ó ń tòògbé, àlàáfíà ti ń wọlé.

ẸNI TÍ YÓÒ MÁA ṢỌ́ WỌN

Ẹ má ṣe fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fúnra wọn, àní lẹ́yìn oṣù mẹ́fà pàápàá. Nígbà tí gbogbo ilé bá ń lọ sí ìsìn ọjọ́ Ìsinmi tàbí ìṣọ́ òru, kéèjì ni kí ehoro wà, kí ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀ sì wà ní títì. Àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni ara àwọn méjèèjì máa ń yá jù, nítorí náà kí ìṣọ́ le ní àkókò wọ̀nyí.

Ẹ má ṣe gbé iṣẹ́ yìí lé ọmọdé lórí. Ọmọ lè já koríko àti ewé ọ̀dùnkún fún ehoro, ó sì lè gbálẹ̀ kéèjì, ṣùgbọ́n òbí ni kí ó máa di kọ́kọ́rọ́ mú. Bí ehoro bá kú nítorí àìbìkítà àgbà, ọmọ ni yóò máa ru ẹ̀bi tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ológbò mìíràn wà tí kò ní gbà láéláé. Irú rẹ̀ kò burú: ẹ jẹ́ kí ògiri wà láàárín wọn, kí ẹ sì tọ́jú àwọn méjèèjì bákan náà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tí ó bá rí i bí òbí rẹ̀ ṣe ń dáàbò bo ẹran tí kò lágbára yóò kọ́ bí a ti ń dáàbò bo ènìyàn tí kò lágbára.