Orúkọ ọjà náà ni dúkìá: Iṣẹ́ tí lọ́yà ń ṣe kí oníṣòwò tó tọwọ́ bọ̀wé franchise

Àwọn àgbà ní orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Lágbo òwò lónìí, ọ̀rọ̀ náà ti kọjá òwe, ó ti di ìṣirò owó. Orúkọ tí aráàlú mọ̀, tí wọ́n sì fọkàn tán, jẹ́ dúkìá bí ilé ṣe jẹ́ dúkìá: wọ́n ń fi háyà fún ẹlòmíì, wọ́n ń gba owó lórí rẹ̀, wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ gbé ara wọn lọ sí kóòtù. Àwọn agbẹjọ́rò kan wà tó jẹ́ pé àdéhùn lórí irú dúkìá bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe iṣẹ́ ajé.

Ẹ jẹ́ ká fi Ìfàkì-Èkìtì ṣe àpẹẹrẹ, ìlú tí ọ̀nà Adó, ti Ìdó àti ti Ọ̀yẹ́ ti pàdé. Ká ní òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì kan fẹ́ fi owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ ṣí ilé oúnjẹ síbẹ̀. Ó lè fi orúkọ ara rẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kó máa retí ìgbà tí èrò yóò mọ̀ ọ́n. Ó sì lè gbàṣẹ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ńlá kan láti lo orúkọ wọn, àwọ̀ wọn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà se oúnjẹ. Ìkejì yìí ni wọ́n ń pè ní franchise. Láísẹ́ǹsì sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó fúyẹ́ jù ú lọ: ẹni tó gbà á lè lo orúkọ tàbí ìmọ̀ kan láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín ń darí gbogbo òwò rẹ̀.

Ètò yìí kì í ṣe àjèjì ní Nàìjíríà. Lọ́dún 1986 ni iléeṣẹ́ UAC dá ilé oúnjẹ Mr Bigg's sílẹ̀ l'Ékòó, nígbà tó sì yá, wọ́n fún àwọn oníṣòwò mìíràn láṣẹ láti máa lo orúkọ náà káàkiri. Lọ́dún 2013, iléeṣẹ́ Famous Brands láti South Africa ra ìdá 49 nínú ọgọ́rùn-ún òwò ilé oúnjẹ UAC. KFC ti dé ṣáájú lọ́dún 2009, Domino's Pizza sì tẹ̀ lé e lọ́dún 2012. Nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ìwé àdéhùn ló kọ́kọ́ ṣíwájú kí iná tó wọ ilé ìdáná.

Ìwé yẹn gan-an ni iṣẹ́ lọ́yà. Bí ẹni tó fẹ́ gba orúkọ bá gbé e wá, ohun àkọ́kọ́ tí lọ́yà yóò wò ni owó. Owó àbáwọlé wà, owó mìíràn sì wà tí wọn yóò máa san lóṣooṣù. Iye ọjà tí wọ́n tà ni wọ́n sábà máa ń ṣírò èyí lé, kì í ṣe èrè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí kò jèrè kọ́bọ̀ lóṣù kan ṣì gbọ́dọ̀ sanwó. Lẹ́yìn ìyẹn, lọ́yà yóò béèrè pé: ṣé iléeṣẹ́ náà lè fún ẹlòmíì láṣẹ láti ṣí irú rẹ̀ sí òdìkejì títì? Ṣé ọwọ́ wọn nìkan ni a ti gbọ́dọ̀ ra adìẹ àti òróró, iye yòówù kí wọ́n pè é? Bí àdéhùn bá parí, ta ló ni ẹ̀rọ àti àga? Ǹjẹ́ ẹni náà lè tún ta oúnjẹ mìíràn nínú ilé kan náà?

Ní Amẹ́ríkà, òfin ìjọba àpapọ̀ pàṣẹ pé ẹni tó fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ háyà gbọ́dọ̀ fún ẹnì kejì ní ìwé tó tú àṣírí òwò náà, ó kéré tán ní ọjọ́ 14 kó tó tọwọ́ bọ̀wé tàbí kó tó sanwó. Nàìjíríà kò ní òfin kan pàtó fún franchise. Nítorí náà, ohun tí ẹ kò bá béèrè, kò sẹ́ni tó pọn dandan pé kó sọ ọ́ fún yín. Àdéhùn náà ni ọgbà tó yí owó yín ká.

Bó bá jẹ́ pé òkèèrè ni orúkọ náà ti wá, ọ̀rọ̀ kan àjọ NOTAP, èyí tí òfin ọdún 1979 dá sílẹ̀. Láàárín 60 ọjọ́ tí wọ́n bá tọwọ́ bọ àdéhùn, wọ́n gbọ́dọ̀ lọ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀. Láìsí ìwé ẹ̀rí àjọ náà, báńkì kò gbọdọ̀ fi owó orúkọ ránṣẹ́ sókè òkun. Àjọ náà sì lè kọ àdéhùn tó bá ju ọdún 10 lọ, tàbí èyí tí owó rẹ̀ bá ju ohun tí wọ́n ń fúnni lọ.

Lọ́yà yìí kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni orúkọ. Èkìtì ni ilé iyán, àwọn kan sì ti ń di ìyẹ̀fun iyán sínú ọ̀rá tà. Ẹni tí tirẹ̀ bá gbajúmọ̀ lè fi orúkọ náà háyà fún ẹlòmíì, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fi í sílẹ̀ lábẹ́ òfin àmì ọjà ọdún 1965. Ọdún méje ni ìforúkọsílẹ̀ àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ni wọ́n á máa tún un ṣe ní ọdún 14-14. Bí wọn kò bá lò ó fún ọdún márùn-ún gbáko, ẹlòmíì lè ní kí ilé-ẹjọ́ pa á rẹ́.

Ohun tí èèyàn bá fi sílẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Iléeṣẹ́ Ferodo, tó ń ṣe ohun èlò búrèkì ọkọ̀, pe Ibeto lẹ́jọ́ pé páálí tí wọ́n ń kó búrèkì Union sí jọ tòun. Lọ́dún 2004, ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ dá Ibeto láre. Òfin tí ààrẹ fọwọ́ sí lọ́dún 2023 ló wá fẹ ìtumọ̀ àmì ọjà dé orí ìrísí ọjà, páálí àti àkópọ̀ àwọ̀.

Ọ̀dọ́ tó bá fẹ́ irú iṣẹ́ yìí yóò ka ìwé òfin fún ọdún márùn-ún ní yunifásítì, bóyá èyí tó wà l'Ádó-Èkìtì, kó tó kọjá sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn lọ́yà. Lẹ́yìn náà ni yóò kọ́ ìṣirò owó àti ìṣe ọjà, nítorí lọ́yà tí kò mọ bí òwò ṣe ń jèrè kò lè mọ ibi tí àdéhùn ti lè jó o. Bí ìjà bá dé lórí àmì ọjà, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ nìkan ló láṣẹ láti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ọ̀kan sì wà l'Ádó.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó dára jù lọ́wọ́ irú lọ́yà bẹ́ẹ̀ ni èyí tí kò dé kóòtù rárá. Owó tí òṣìṣẹ́-fẹ̀yìntì fi ọdún 35 kó jọ lè wọlé sínú àdéhùn lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Kó tó tọwọ́ bọ̀wé ló yẹ kó wá lọ́yà, kì í ṣe ìgbà tí wọ́n bá ti wá ká pátákó orúkọ kúrò lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀.