Ilé-ìwé elédè méjì: èdè ilé wa ńkọ́?

Nígbàkígbà tí ó bá tó àkókò láti forúkọ ọmọ sílẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ni a máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá àti bàbá ní Pobè àti Sakété: ilé-ìwé elédè méjì. Ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa ni ilé-ìwé tí ó ń kọ́ ọmọ ní Faransé àti Gẹ̀ẹ́sì. A kò bá ẹnikẹ́ni wí. Nàìjíríà kò jìnnà sí wa, ẹni tí ó ń ṣòwò kọjá ibodè sì fẹ́ kí ọmọ òun gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Yorùbá ni òun fúnra rẹ̀ fi ń ná ọjà níbẹ̀.

Àwọn ilé-ìwé mìíràn tún ń fi iṣẹ́ ọnà kún un: àwòrán yíyà, orin, ijó, eré orí ìtàgé. Wọ́n ní èyí ni yóò la ọmọ lójú sí gbogbo ayé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí ó ti ṣe eré níwájú ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í bẹ̀rù àtisọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n orin ta ni wọn yóò kọ? Ijó ibo ni wọn yóò jó? Bí ìyá àgbà kò bá gbọ́ ọ̀kankan nínú èdè méjèèjì tí a ń sanwó lé lórí, kí ni yóò rí dì mú nínú eré ọmọ-ọmọ rẹ̀?

Àwọn kan rò pé Faransé àti ohun ilé kò lè jọ gbé inú ilé-ìwé kan. Ìtàn ilẹ̀ wa kò sọ bẹ́ẹ̀. Alùfáà Francis Aupiais, ọmọ Faransé, dé Dahomey ní 1903, ó sì ṣe olórí ilé-ìwé ìjọ wa ní Àjàṣẹ́ títí di 1926. Faransé ni ó fi ń kọ́ni, síbẹ̀ kò ní kí ọmọ ju ti bàbá rẹ̀ nù. Ní 1925 ó dá ìwé ìròyìn kan sílẹ̀, La Reconnaissance Africaine, níbi tí àwọn ọmọ ilẹ̀ yìí, bíi Paul Hazoumè, ti kọ̀wé nípa àṣà ìlú wọn. Hazoumè yìí náà ni ó kọ Doguicimi ní 1938. Àdjògan pẹ̀lú, orin ààfin ọba Àjàṣẹ́, wọ inú ìjọ wa. Ti àwọn Gùn ni, kì í ṣe ti Yorùbá, ṣùgbọ́n ẹ wo ọ̀pá onírin tí wọ́n ń fi òrùka rẹ̀ lu ìlù: ẹyẹ ọba ni ó wà lórí rẹ̀ ní ààfin; ní ṣọ́ọ̀ṣì, àgbélébùú ni wọ́n fi rọ́pò ẹyẹ. Iṣẹ́ Alùfáà Aupiais kò tẹ́ àwọn ọ̀gá rẹ̀ kan lọ́rùn, ó sì jìyà rẹ̀.

Ẹ tún wo ilé-ìwé William Ponty ní Senegal, níbi tí ìjọba Faransé ti ń kọ́ àwọn tí yóò di olùkọ́. Bí àwọn ọmọ bá ń lọ ìsinmi, wọ́n á ní kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n bá rí nílé wá. Ní 1933, àwọn ọmọ Dahomey ibẹ̀ ṣe eré nípa ọba Béhanzin àti Bayol, òyìnbó tí ìjọba Faransé rán sí Abomey. Ní 1937, wọ́n gbé òmíràn, Sokamé, lọ sí Paris. Faransé ni ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Orin àti ijó rẹ̀, ti ilé ni.

Àwa tí a ti lé ní ogójì ọdún kò lè gbàgbé ọ̀nà kejì, èyí tí wọ́n ń pè ní signal. Ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé, wọn yóò fi ìkarahun ìgbín tàbí egungun kọ́ ọ lọ́rùn, yóò sì máa ṣọ́ ẹnu àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kiri títí yóò fi rí ẹni tí yóò gbé e fún. Ẹni tí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ lọ́wọ́ ni yóò jẹgba. Ṣíṣọ́ ẹnìkejì ni a kọ́ níbẹ̀, a kò mọ̀ bóyá a kọ́ Faransé. Lónìí, àwọn òbí kan kò nílò ìkarahun mọ́. Ẹnu ni wọ́n fi ń kọ́ ọ sí ọmọ lọ́rùn nínú ilé: «Parle français!»

Ní 2001, UNESCO ka Gẹ̀lẹ̀dẹ́ mọ́ ohun iyebíye gbogbo ayé. Katikísì ni wá, a mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn wà nínú rẹ̀, a kò sì ní kí ọmọ lọ bọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n igi gbígbẹ́, ọ̀dà kíkùn, àti bí elẹ́fẹ̀ ṣe ń fi orin bá ìlú wí láìsọ ìsọkúsọ, ẹ̀kọ́ ńlá ni fún ọmọ tí a ní ó lọ kọ́ iṣẹ́ ọnà. Ìjọba pàápàá ti rí i: ní ọdún ẹ̀kọ́ 2013 sí 2014, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán èdè abínibí wò ní àwọn ilé-ìwé kan, Yorùbá sì wà lára wọn.

Nítorí náà, kí ẹ tó sanwó, ẹ bi ọ̀gá ilé-ìwé pé: èdè wo ni ọmọ yóò fi kọrin lọ́jọ́ àjọ̀dún? Ìtàn ìlú ta ni wọn yóò fi ṣe eré? Ṣé a máa ń bá ọmọ wí nítorí Yorùbá? Bí ó bá ní òun kò rí olùkọ́ tí ó lè kọ́ wọn ní ti ilé, agbẹ́gilére àti onílù wà ní Pobè, wọ́n wà ní Sakété. Ẹ bi í bóyá ó ti ránṣẹ́ pè wọ́n rí.