Oyin dúdú tó ń gbẹ́ igi: kí a tó pa á

Tí a bá ya àwòrán "bourdon" sójú pátákó, àwọn ọmọ á nawọ́ sí àjà: "Tiwa nìyẹn!" Kì í ṣe òun o. Bourdon ò dé ọ̀dọ̀ wa. Ní Áfíríkà, apá àríwá bíi Mòrókò ló mọ. Èyí tó ń lu igi àjà wa ní ihò, Xylocopa ni wọ́n ń pè é.

Abo ló ń gbẹ́ igi. Á po ìyẹ̀fun òdòdó mọ́ oje dídùn, á yé ẹyin kan lé e, á fi ìyẹ̀fun igi dí yàrá náà, á tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Akọ ò lóró rárá. Abo lè ta, àmọ́ àfi tí ẹ bá dì í mú. Síbẹ̀, pẹtiróòlù ni a máa ń dà sínú ihò rẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná. Òdòdó tòmátì àti ti ìgbá kì í tú ìyẹ̀fun sílẹ̀ lásán, ẹnu tóóró ló ti ń jáde, àfi kí nǹkan gbọ̀n ọ́n. Atẹ́gùn ń ṣe díẹ̀ níbẹ̀. Oyin tí à ń fá oyin rẹ̀ lá ò mọ iṣẹ́ yìí. Oyin dúdú ní tiẹ̀ á di òdòdó mú, á kùn hùùù, ìyẹ̀fun á dà. Bourdon náà ń ṣe bẹ́ẹ̀: láti 1987 ni wọ́n ti ń sìn ín sínú àpótí ní Bẹ́ljíọ̀mù nítorí tòmátì, owó ni wọ́n sì fi ń rà á. Ọ̀fẹ́ ni tiwa.

Ìwádìí kan lórí ìgbá ní Kẹ́ńyà, tó jáde ní 2008, fi hàn pé òdòdó ìgbá ò ní oje, nítorí náà ewéko igbó etí oko ló ń bọ́ àwọn oyin yìí. Tí a bá ro gbogbo etí oko mọ́ féfé, kí ni wọ́n á jẹ?

Láti 1922 ni wọ́n ti ń wádìí ọ̀pẹ ní Pobè, igbó sì ṣì kù níbẹ̀. (Kòkòrò kékeré mìíràn ló ń ṣiṣẹ́ yìí fún ọ̀pẹ.) Ti oyin ò le: ẹ fi àpò nẹ́ẹ̀tì bo òdòdó ìgbá mẹ́wàá, ẹ fi mẹ́wàá sílẹ̀, ẹ ka èso méjèèjì. Ẹ jókòó ní òwúrọ̀, ẹ ka oyin tó bà. Ẹ ṣe é létí igbó, ẹ tún un ṣe láàárín oko.

Ní ti àjà, ẹ kun igi ní ọ̀dà, kò fẹ́ràn igi tí a kùn. Kí ẹ wá fi ìtì igi gbígbẹ kan sílẹ̀ fún un létí oko.